ILÉ ÀLÙFÁÀ NÍ EPWORTH
Ìtàn ìyá kan tí ó fi ìwé kíkà tọ́ ọmọ mẹ́wàá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo ni. Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbé iṣẹ́ ilé lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ pátápátá. A san owó, a ra aṣọ, a ra ìwé, a sì rò pé iṣẹ́ wa parí. Bí a bá bi wá léèrè ìdí rẹ̀ tí a kì í fi í bá àwọn ọmọ wa jókòó ti ìwé, ìdáhùn mẹ́ta ni ó máa ń wà lẹ́nu wa: a kò ráyè, a kò lówó, àwọn ọmọ sì pọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ yẹ ìtàn ìyá kan wò, ẹni tí kò ráyè, tí kò lówó, tí ọmọ sì yí i ká. A ó sọ ohun tí ó ṣe, a ó sọ èso rẹ̀, a kò sì ní fi ibi tí ó kù sí pamọ́ fún yín.

Orúkọ ìyá náà ni Susanna Wesley. Ní London ni a gbé bí i ní oṣù January ọdún 1669. Baba rẹ̀, Samuel Annesley, jẹ́ oníwàásù olókìkí láàrin àwọn tí kò fara mọ́ Ìjọ England. Ní oṣù November 1688, Susanna fẹ́ Samuel Wesley, ẹni tí ó di àlùfáà nínú Ìjọ England, wọ́n sì kó lọ sí Epworth, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Lincolnshire, ní ilẹ̀ tí àbàtà pọ̀ sí. Ọmọ 19 ni ó bí. Mẹ́sàn-án kú ní kékeré, mẹ́wàá sì dàgbà: ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin méje.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé ọlọ́rọ̀ ni ilé yìí. Àlùfáà Wesley mọ ìwé púpọ̀, ó sì ń kọ ewì, ṣùgbọ́n kò mọ owó ṣọ́, gbèsè kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní 1705 a tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè, ó sì wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ kórìíra rẹ̀ nítorí ọ̀ràn ìdìbò ọdún náà, àwọn ọ̀tá sì gún àwọn màlúù tí ìdílé rẹ̀ ń mu wàrà wọn ní ọ̀bẹ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York bi ìyá náà léèrè bí oúnjẹ bá ti wọ́n wọn rí, èsì rẹ̀ ni pé, kí a sọ òtítọ́, oúnjẹ kò tán nílé. Ṣùgbọ́n làálàá kí wọ́n tó rí i, àti làálàá kí wọ́n tó san owó rẹ̀, ti mú kí ó korò lẹ́nu òun. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1732, nígbà tí àwọn ọmọ ti dàgbà tán, John ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ̀nà tí ó gbà tọ́ wọn sínú ìwé. Nínú lẹ́tà tí ó fi dá a lóhùn ni a ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a ó sọ yìí.

Òtítọ́ ni pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, ìyá yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń là ohùn ni ó ti ń fi Àdúrà Olúwa sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé, kò kánjú. A kì í kọ́ ọmọ ní lẹ́tà kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Kezia, àbígbẹ̀yìn, nìkan ni a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nítorí pé a borí ìyá rẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ìyá náà sì kọ ọ́ pé iye ọdún tí Kezia fi kọ́ ìwé ju iye oṣù tí àwọn yòókù fi kọ́ ọ lọ. Kí àwọn tí ń fi ìkánjú ti ọmọ ọlọ́dún méjì sídìí ìwé ro èyí wò.

Bí ó bá ku ọ̀la tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀, a ó tún ilé ṣe, a ó pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, a ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú yàrá náà láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di agogo méjìlá, tàbí láti agogo méjì ọ̀sán títí di agogo márùn-ún. Wákàtí mẹ́fà ni èyí jẹ́ lóòjọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi fún ọmọ láti mọ gbogbo lẹ́tà. Gbogbo wọn ni ó sì mọ̀ ọ́n, àfi Mary àti Anne, tí wọ́n lo ọjọ́ kan àti àbọ̀. Ìyá wọn sọ pé nígbà náà òun rò pé òye wọn kò yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí bí ó ti ń pẹ́ tó kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn tó mọ lẹ́tà, ó yí èrò rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn lẹ́tà, kò sí ìwé ìkọ́wèé mìíràn. Orí kìíní Gẹ́nẹ́sísì ni ọmọ ń lọ tààrà. Samuel, àkọ́bí, ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ kejì tí ó pé ọdún márùn-ún ni ó bẹ̀rẹ̀. Yóò pe ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ kìíní ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò kà á, yóò tún un kà, títí yóò fi lè kà á láìkọsẹ̀; lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí ẹsẹ kejì. Láìpẹ́, ẹsẹ mẹ́wàá ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí yóò fi di àjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún náà, ó ti lè ka odindi orí kan dáradára. Ẹ kíyè sí i pé kì í fi ẹsẹ kan sílẹ̀ láìmọ̀ ọ́n kí ó tó lọ sí òmíràn. Ìtàn ìdílé náà sọ pé ní ọjọ́ kan ẹnu ya ọkọ rẹ̀ bí ó ti gbọ́ tí ó ń sọ ohun kan náà fún ọmọ kan ní ìgbà ogún. Èsì ìyàwó rẹ̀ ni pé, bí òun bá dúró ní ìgbà kọkàndínlógún, gbogbo làálàá òun ìbá ti ṣòfò.

Ó ní àwọn òfin díẹ̀ tí ilé náà ń tẹ̀ lé. Ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ṣèlérí àtúnṣe, a kò ní nà án. A kì í na ọmọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan, a kì í sì í fi í bú u lẹ́yìn náà. Bí ọmọ bá ṣe rere, a ó yìn ín. Ohun tí í ṣe ti ẹnìkan, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mú un láìgbàṣẹ. Òfin tí ó kẹ́yìn sì ṣọ̀wọ́n ní ayé ìgbà náà: a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọbìnrin kankan ní iṣẹ́ ọwọ́ títí yóò fi mọ ìwé kà dáradára. Ó ní ìdí tí àwọn obìnrin tí ó lè kàwé kí ó dùn létí fi ṣọ̀wọ́n ni pé a ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú lé wọn lọ́wọ́ ṣáájú ìwé.

Ní òru ọjọ́ 9 oṣù February 1709, iná jó ilé náà kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ, wọ́n rí i pé John, ọmọ ọdún márùn-ún, kù sí yàrá òkè. Ó yọjú ní fèrèsé. Ọkùnrin kan gun èjìká ẹnìkejì, ó sì fà á yọ kí òrùlé tó wó. A pín àwọn ọmọ sí ilé onílé títí a fi kọ́ ilé titun. Níbẹ̀ ni ìyá náà ti rí i bí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti lè bàjẹ́ ní ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá ẹni tí ó wù wọ́n ṣeré, wọ́n kọ́ orin tí kò yẹ, ìwà pẹ̀lẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n sì fò lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà náà ni ó fi orin Sáàmù sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀kọ́. Nígbà náà pẹ̀lú ni ó fi àṣà kan lélẹ̀ tí a fẹ́ràn jù: bí agogo márùn-ún bá lù, ọmọ tí ó dàgbà jù yóò mú èyí tí ó kéré jù tí ó ti ń sọ̀rọ̀, èkejì yóò mú èyí tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò sì ka Sáàmù ọjọ́ náà àti orí kan nínú Májẹ̀mú Titun fún wọn. Báyìí ni ẹni tí a kọ́ ṣe di olùkọ́.

Ní ìgbà òtútù 1711 sí 1712, àlùfáà wà ní London fún ìpàdé àwọn àlùfáà. Ní àkókò yìí ni ìyá náà ka ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì tí ọba Denmark rán lọ sí Tranquebar ní Íńdíà, ó sì bi ara rẹ̀ pé, òun tí òun kì í ṣe ọkùnrin, tí òun kì í sì í ṣe òjíṣẹ́ Ìhìnrere, kí ni òun lè ṣe? Ohun tí ó ṣe ni pé ó ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan: Monday fún Mary, Tuesday fún Hetty, Wednesday fún Anne, Thursday fún John, Friday fún Martha, Saturday fún Charles, Sunday fún Emilia àti Susanna kékeré. Ó mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó tún ń ka ìwàásù fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀ láti wá, títí iye wọn fi ju 200 lọ. Igbákejì àlùfáà bínú, ó kọ̀wé sí London, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró. Èsì rẹ̀ ni pé kí ó má ṣe gba òun nímọ̀ràn. Bí ó bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kí ó pàṣẹ gbangba, kí ẹ̀bi náà má bàa sí lọ́rùn òun ní ọjọ́ ìdájọ́. Ọkọ rẹ̀ kò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ni èso rẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Oxford. John àti Charles ni a mọ̀ ní gbogbo ayé nítorí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Orin Charles sì wà nínú ìwé orin tí àwa náà ń kọ. Nígbà tí John ti di ẹni ńlá ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé, bí ó bá lè fún òun ní ìwọ̀nba àkókò alẹ́ Thursday ìgbà nì, yóò ṣe òun láǹfààní gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ìyá náà kú ní oṣù July 1742. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù September 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ àwọn ọmọ rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Badagry. Báyìí ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ní Epworth ṣe kan ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n a ti ṣèlérí pé a kò ní fi ibi tí ó kù sí pamọ́. Ìyá yìí gbàgbọ́ pé a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ìfẹ́-inú ọmọ. Kí ọmọ tó ju ọdún kan lọ ni ó ti ń bẹ̀rù pàṣán, tí ó sì ti ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́. Èyí le ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn àgbà wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, kí a fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ó sì dà bí ẹni pé alẹ́ tí ó yà sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ kejì yẹn.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n gbà nínú yàrá kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn Oxford ṣí sílẹ̀ fún àwọn arákùnrin wọn, ó tì mọ́ wọn. Ọdún 1920 ni Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin ní oyè. Emilia di olùkọ́ ní Lincoln, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gainsborough. Hetty, tí ọgbọ́n rẹ̀ tó ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ni a fà lé oníṣẹ́ òjé kan lọ́wọ́ ní 1725, nínú ìgbéyàwó tí kò láyọ̀. Nínú ewì ni ó ti ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, títí ó fi kú ní 1750. Ìyá wọn ti ṣe ipa tirẹ̀. Ayé ni kò ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, a kò sọ pé kí ẹ mú àwọn ọmọ yín kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìlú wa, kí ìwé tó dé, bí ilẹ̀ bá ṣú, àgbà a jókòó láàrin àwọn ọmọ, a pàlọ́ fún wọn, a sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún un. Ẹ mú ìwé rere kan, kí ó jẹ́ ní èdè tí ọmọ gbọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìwọ̀nba àkókò. Ẹ má ṣe fo ẹsẹ kan tí kò tíì yé e. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ tirẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Epworth jó ní òru kan; ohun tí ìyá náà kọ́ sínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ṣeé tún kọ́.