Ilé Baba Ogun àti Owó Ìfẹ̀yìntì Màpó

Yorùbá kì í gba oyè. Jíjẹ ni a ń jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn oníròyìn sì ń wá orúkọ fún owó tí ìjọba ń san lé owó oṣù, "àjẹmọ́nú" ni wọ́n pè é. Jíjẹ náà tún ni. Mi ò rò pé èèṣì ni. Ní Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, kò sí ẹni tó ń gbowó oṣù nídìí iṣẹ́ ìlú, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń fún ènìyàn ní oúnjẹ, ó ń fún un ní ilé àti ìyàwó, ó sì ń fún un ní ẹni tí yóò sin òkú òbí rẹ̀. Lójú tèmi, nígbà tí òyìnbó gbé owó oṣù gun Òkè Màpó, níbi tí ilé ìjọba ìlú wà, owó yẹn nìkan ló gbé gùn ún. Gbogbo ẹrù yòókù tí ilé baba ogun ti ń rù látọjọ́ aláyé ti dáyé, ìsàlẹ̀ òkè ló fi í sí. Láàárín ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí aráalé ń retí ni ẹ̀gúnjẹ ti ráyè, ẹ̀gúnjẹ tí jíjẹ wà nínú orúkọ tiẹ̀ náà.

Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun sọ Ìbàdàn di ibùdó. Kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ti ń bá baba rẹ̀ nílé nígbà náà. Ẹni tó bá sá àsálà wọbẹ̀ á wá olórí ogun kan, ìyẹn baba ogun, á dọ̀bálẹ̀ fún un, wọn á sì fún un ní igun kan nínú agbo ilé. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ló ń bọ́ ọ. Ọ̀gá ló ń fún un ní ìbọn àti ẹ̀tù, tó ń gbé ìyàwó fún un nígbà tó bá tó, tó sì ń bá a rojọ́ bí ọ̀ràn bá dé. Ohun tó bá kó lójú ogun, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń kó o wá kí wọ́n tó pín in. Bí ogun bá mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ, wọn kò ní lé e kúrò nídìí àwo. Bí ilé Balógun Ìbíkúnlé àti ti Ààrẹ Látòósà ṣe kún fún èrò nìyẹn. Ká má fi bò, oko tí ẹrú ń ro ló ń bọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, àti ìṣákọ́lẹ̀ àwọn ìlú tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun. Àjẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà kò gba kọ́bọ̀ láti ilé. Ìlú tó ń gbé ló ń bọ́ òun àti àwọn ẹ̀mẹwà rẹ̀. Kò sí ìwé tó sọ ibi tí jíjẹ náà gbọdọ̀ dé, wọ́n sì jẹ ẹ́ títí tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí fi yọ idà sí wọn ní 1878, tí ìlẹ̀kẹ̀ ogun Kírìjì já sílẹ̀.

(Ẹni tó bá mọ ètò oyè Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ka òfin ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láti Mọ́gàjí dé Jagun, láti Jagun gòkè, ipò kan lẹ́yìn òmíràn, àyè gbọdọ̀ ṣí lókè kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó sún. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ìfẹ̀yìntì.)

Ní 1893 Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, Captain Bower sì di Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ ní 1897. Ogun tán, ìkógun tán, owó oníbodè náà sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Nígbà tí owó orí dé ní 1918, àpò ìlú wá di ibi tí Baálẹ̀, ìjòyè, àkọ̀wé kóòtù àti akóda ti ń gba owó oṣù, èrò òyìnbó sì ni pé ẹni tó bá ń gbowó oṣù kò ní máa jẹ ará ìlú mọ́. Ó dà bí ọgbọ́n. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 ni iṣẹ́ ìlú wá fi ṣe ilé, pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì tí èrò Bẹẹrẹ ń gbójú sókè wò.

Ẹ wá wo wolé-wolé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun yìí. Aṣọ kàkí ló wọ̀, ó mú ìwé pélébé lọ́wọ́. Kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ṣí ọmọrí àmù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ bóyá tanwíjí ń fò nínú omi. Bó bá rí ẹyọ kan, ó di kóòtù, àfi bí ìyá onílé bá tètè mọ ohun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó fa gègé yọ. Ọkùnrin yìí ní owó oṣù. Ṣùgbọ́n lágbo ilé tó ti wá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyàwó baba ń wò ó bí àwọn baba wọn ṣe ń wo olórí ogun: òun ló wà níbi tí ìjọba ti ń pín nǹkan. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìnáwó òkú ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sì sí oko ẹrú lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn òyìnbó kò ṣàìmọ̀ pé owó oṣù nìkan kì í gbé ènìyàn. Fún ara wọn, wọ́n kọ́ ilé sí Agodi àti Jẹ́ríkò, ìjọba sì ń san owó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá ń lọ sinmi nílé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní 1951, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti January 1946, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn wọn tí wọ́n fi kọ ọ́. Ní ti ọmọ ilẹ̀ yìí, ó di ìgbà tó bá wu Gómìnà-Àgbà kó tó fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni. Lábúrà tó ń gba owó ojúmọ́ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945, tí Michael Imoudu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nítorí ọ̀wọ́n-gógó, lé ní oṣù kan kó tó parí. Ní 1954 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ owó iṣẹ́ ojúmọ́ tó kéré jù di ṣílè márùn-ún. Àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji náà dé lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Udoji ní 1974, ọjà sì gbé e mì kí ọdún tó yí po. Owó ni gbogbo rẹ̀. Òwò òṣómàáló, tó ń ta aṣọ láwìn tó sì ń lóṣòó dúró de owó rẹ̀ bí oṣù bá parí, fi hàn bí owó oṣù ṣe máa ń pẹ́ tó lápò. Ohun tí ìjọba kò ṣe, àwọn olóṣù ṣe é fúnra wọn: èésú, àjọ, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san jẹ́ aṣíwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà dáadáa, alájẹṣẹ́kù: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù.

Ẹnì kan lè ní àwáwí ni gbogbo èyí, pé olè ni olè ń jẹ́. Àwọn tí ìwádìí Nicholson kàn lórí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní 1955 sí 1956 kì í ṣe ẹni tébi ń pa. Ìwádìí ọ̀hún ló gba ipò mínísítà lọ́wọ́ Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ojúkòkòrò wà, owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í wò ó sàn. Síbẹ̀, èrò tó ń kún ilé olóṣèlú Ìbàdàn láàárọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n ń wá oúnjẹ, iṣẹ́ àti ẹni tí yóò bá wọn rojọ́, kí ni wọ́n ń wá ju ohun tí baba ogun ń ṣe lọ? Ẹni tó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ka orí, kò sí owó oṣù tí yóò tó o. Èyí kò sọ ọ̀ràn náà di ẹ̀tọ́. Ó kàn sọ ìdí tí ìyípadà aṣojú ìlú kò fi pa á run.

Àtakò àwọn àgbẹ̀ ló le jù, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn wẹ́rẹ́. Ta ló ń san owó tí Màpó ń pín? Ní 1968, nígbà tí owó orí di £6, àwọn àgbẹ̀ tí owó kòkó kò tó jẹ rọ́ wọ Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá, wọ́n dojú kọ Màpó, ẹ̀mí sì bọ́. Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, tí Táfà Adéoyè ti àgbègbè Àkánrán wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Kí 1969 tó parí, owó orí ti já sí £2. Àgbẹ̀ kò ní ìfẹ̀yìntì, kò ní lífù. Kí ló dé tí yóò fi máa ra ọjọ́ ogbó fún akóda? Ìbéèrè yìí tọ́. Àmọ́ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà, owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ló ń bí wọn nínú. Agbowó orí tó ń fi ipá gbà, wolé-wolé àti òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó ń jẹ wọ́n lójúkojú ni wọ́n ní kó kúrò lára àwọn. Nínú agbo ilé kan náà ní Bẹyẹrúnká, apá kan wà lábà tó ń gbin kòkó, apá kan wà ní Màpó tó ń gba oṣù. Ara ilé kan náà ló ń san án, tó sì ń gbà á.

Òfin 1979 ló wá sọ owó ìfẹ̀yìntì di ohun tó ní ìdíwọ̀n fún òṣìṣẹ́ ọba. Ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọgọ́ta ọdún láyé, a ó sì lọ sílé. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ọwọ́ tó le gbá a mú: abala 210 ní a kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún la sì gbọdọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin 2004, tí wọ́n tún kọ ní 2014, ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ sì dá mẹ́jọ. Lórí ìwé, ẹrù tí wọ́n fi sísàlẹ̀ òkè ti gòkè wàyí. Láti 1991 tí wọ́n ti pín Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún, Màpó ni olú ilé iṣẹ́ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dúró ọdún púpọ̀ kí owó gbà-má-bínú lẹ́nu iṣẹ́ tó tẹ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kúrò lórí ìlà àyẹ̀wò, tí wọ́n ti fi ojú ara wọn hàn pé àwọn ṣì wà láyé, ọ̀pọ̀ wọn a sọ̀kalẹ̀ gba Bẹẹrẹ lọ sí agbo ilé. Wọn kò san owó ilé níbẹ̀. Olórí ogun kan tí ọmọ-ọmọ wọn mọ oríkì rẹ̀ ló ti pín yàrá náà fún baba wọn.