Ọjà Inú Báàgì Ìwé

Gbogbo wa la mọ irú ọmọ yìí. Ní kíláàsì tiwa, ọmọbìnrin kan wà tó máa ń di chinchin sínú ọ̀rá kéékèèké, á tò ó sábẹ́ ìwé nínú báàgì rẹ̀. Kí agogo bíréèkì tó dún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á tán. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tú báàgì náà níwájú gbogbo wa ní àpéjọ àárọ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọjà, wọ́n nà án, wọ́n ní kó lọ pe òbí rẹ̀ wá. Owó ìdánwò ló ń tu jọ. A ò mọ ibi tí chinchin yẹn wọlẹ̀ sí títí dòní.

Òfin pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ tajà ti mọ́ wa lára débi pé a kì í béèrè ibi tó ti wá. Ẹ jẹ́ ká béèrè.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọjà títà wà lára ohun tí ọmọ ń kọ́ nílé. Ìyá á gbé igbá lé ọmọ lórí, ọmọ á kiri ẹ̀kọ, ẹ̀pà tàbí ọṣẹ dúdú ládùúgbò. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ìṣirò, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, tó sì ń mọ̀ pé owó ọjà yàtọ̀ sí èrè. Tí owó bá dín, ìyá á bi í.

Àwọn míṣọ́nnárì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ náà ò kórìíra iṣẹ́. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní 1854, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà, kí Ìwé Ìròyìn tó jáde ní 1859. Lẹ́yìn wọn, iṣẹ́ ọwọ́ àti oko wọ inú ẹ̀kọ́. Àwọn bàbá wa àgbà hun agbọ̀n, wọ́n di ìgbálẹ̀, wọ́n ro oko ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: ọmọ ló ń ro oko, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ta irè rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn ju 800,000 lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, wọn ò pé 500,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú oko tàbí ìdí igbá ni wọn ì bá wà. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà wá ń du ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ gbangba: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọmọdé láti kiri ọjà ní títì ńlá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin tó dáa ni. Ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò nítorí omi inú ọ̀rá, ikú ló ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ọmọ ni òfin yẹn ń bá wí. Kò dárúkọ chinchin inú báàgì.

Àwọn tíṣà náà ní ẹjọ́ tiwọn, ká má parọ́. Ọjà àwìn máa ń dìjà. Owó máa ń sọnù nínú kíláàsì. Bí inú bá run ọmọ lẹ́yìn tó jẹ ìpápánu, ta ni wọ́n máa mú? Àwọn tó gbé bọ́ọ̀dìn náà mọ ti gàrí: wàá yá ife kan, wàá san méjì. Ìyẹn ti kúrò ní òwò, èlé orí gàrí ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ síta: ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olóúnjẹ ń sanwó kí wọ́n tó pàtẹ. Ọmọ tó ń tajà ń gba oníbàárà wọn.

Àfi ìgbà tó di 2011. Ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti òwò 34 wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ọ̀kan. Ní 2014, WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe ìdánwò. Nínú kíláàsì, tíṣà ń kọ owó ìpìlẹ̀, èrè àti àdánù sójú pátákó. Ẹni tó bá wá dán an wò lákòókò bíréèkì, ẹgba ni.

Ṣé ká fàyè gba gbogbo ọjà ni? Rárá. Ẹ sọ ohun tí a lè tà àti ìgbà tí a lè tà á. Ẹ ní kò sí àwìn, kò sí èlé. Ẹ jẹ́ kí òbí mọ̀ sí i. Bí ọmọ bá sì rú òfin, ẹ fi ọjà rẹ̀ lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rẹ́ wa ò fi wá. Nígbà tó padà dé, ìwé nìkan ló wà nínú báàgì rẹ̀. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó sanwó ìdánwò lọ́dún yẹn.