Ìdí-Igi Àbújá

Lóṣooṣù ni àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ 36 máa ń bá ìjọba àpapọ̀ jókòó ní Àbújá, nínú ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní FAAC. Owó epo, owó orí ilé-iṣẹ́ àti owó ẹnubodè ti wọ àpò kan; pínpín ló kù. Bí wọ́n bá ti yọ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo fún àwọn tó ni ilẹ̀ tí epo ti jáde, ìjọba àpapọ̀ á kó 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 20.60. Ẹni tó bá rò pé ìṣirò lásán nìyẹn, kó wo ohun tó ti sọ wá dà.

Sydney Phillipson ló kọ́kọ́ gbé ìlànà pínpín kalẹ̀ fún ẹkùn mẹ́ta ní 1946. Nígbà tó fi máa di 1953, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Chick, ohun tó ti ọ̀dọ̀ ẹni jáde ló ń padà sọ́dọ̀ ẹni. Ìwọ̀-Oòrùn ní kòkó, Àríwá ní ẹ̀pà, Ìlà-Oòrùn ní ọ̀pẹ. Bí kòkó bá ṣe dáadáa, àpò ìjọba Ìbàdàn á kún, nítorí náà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ká ìjọba lára. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 jẹ nínú owó náà. (Àgbẹ̀ tí Marketing Board ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú ló fi òógùn rẹ̀ san án, ká má purọ́.)

Epo tó jáde ní Oloibiri ní 1956 ló da eré rú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1970, ìjọba ológun gé ìpín ẹni tó ni ilẹ̀ láti 50 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1975 ó di 20. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ó já sí 1.5. Ibi tí owó tó kù gbà ni kí ẹ fi ojú sí. Òfin 1970 ní kí wọ́n pín ìdajì àpò ìpínlẹ̀ lọ́gbọọgba láàárín àwọn ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi iye ènìyàn pín ìdajì kejì.

Yorùbá mọ méjèèjì nídìí ogún: ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Nínú ìdí-igi, ìyàwó tó bí ọ̀kan àti èyí tó bí mẹ́jọ, ìpín kan náà ni. Ta ni kò wá ní fẹ́ dá ìdí tirẹ̀ sílẹ̀? Ìpínlẹ̀ 12 la ní ní 1967. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, Murtala Mohammed kéde pé wọ́n ti di 19, ó sì kéde nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé olú-ìlú ń kó lọ sí Àbújá, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ṣe dábàá. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi di ilẹ̀ gbogbo wa. Ìpínlẹ̀ di 30 ní 1991, ó di 36 ní 1996. Ní ti orí-ò-jorí, tí wọ́n ń fi iye orí pín nǹkan, orí di owó: wọ́n fagi lé ètò ìkànìyàn 1973, láti 2006 a ò sì tíì ka ara wa mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé rí ìṣòro náà. Ní 1977, ìgbìmọ̀ rẹ̀ fẹ́ kí ìsapá ìpínlẹ̀ láti pa owó tirẹ̀ àti bó ṣe ń ná an wà lára òṣùwọ̀n. Àwọn olóṣèlú ní ó ti jinlẹ̀ jù. Ìgbìmọ̀ Okigbo sì dá ìdí-igi àti orí-ò-jorí padà ní 1980.

Elinor Ostrom, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, rí i níbi odò ẹja àti igbó pé àwọn tó ń lo nǹkan àjọní lè pa á mọ́, bí wọ́n bá jọ ṣe òfin rẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn. Alájọ ọjà wa kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú àjọ Àbújá, ẹni tó dá owó kò sí nídìí tábìlì. Ẹni tó fẹ́ kó o nìkan ló wà níbẹ̀. N kò rí ìdí tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ yóò fi kọ́ni ní iṣẹ́ ṣíṣe.

Lónìí, 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín láàárín ara wọn ṣì ń tẹ̀lé ìdí-igi. Ní oṣù kejì 2025, ìgbìmọ̀ tó ń tún òfin ṣe nílé aṣòfin kékeré kéde iye àbá fún ìpínlẹ̀ tuntun tó wà lọ́wọ́ wọn: 31.