Odò Iná Tó Ń Ṣàn Lókè Èkìtì

Bí awakùsà bá gbé ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà ilẹ̀ dé Ìjerò, tó wọn ojú kan láàárọ̀, tó sì padà wọn ojú kan náà lọ́sàn-án, nọ́ńbà méjèèjì kì í sábà bára mu. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, ilẹ̀ ò sì yí padà. Òkè ló yí padà. Ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, iná mànàmáná kan máa ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójú ọ̀sán. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní equatorial electrojet. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ wa wà nínú bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn náà.

Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1722, George Graham, aṣe-aago, tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, ó sì rí i pé kì í dúró sójú kan: díẹ̀díẹ̀ ló ń yí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ó tó 160 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1882, kí Balfour Stewart tó sọ pé iná tó ń ṣàn nínú afẹ́fẹ́ òkè réré ló ń ti abẹ́rẹ́ náà.

Ní 1922, ilé-iṣẹ́ Carnegie ti Amẹ́ríkà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Huancayo, ní Peru. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu: ìyípadà ojoojúmọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ fíìfíì. Huancayo wà nítòsí ìlà agbedeméjì òòfà, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ òòfà tí a so láàárín máa ń sùn gbalaja, tí orí tàbí ìdí rẹ̀ kò ní tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìlà yìí pe agbedeméjì ayé tí ẹ ń rí nínú máàpù. Ní Nàìjíríà, òkè Ọya ló gbà kọjá, ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 11 àríwá. Ní 1947, Egedal, ará Denmark, fi hàn pé bí ibùdó bá ṣe sún mọ́ ìlà yìí tó ni ìyípadà náà ṣe ń pọ̀ tó. Ní 1951 ni Sydney Chapman sọ ọ́ ní electrojet.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí ìlà yẹn? Oòrùn ló ń tú àwọn átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ òkè ká, tí iná fi lè gba inú wọn kọjá. Atẹ́gùn òkè ń gbé wọn la agbára òòfà ayé kọjá, iná sì ń jáde, bíi ti jẹnẹrétọ̀. Lórí ìlà náà, òòfà sùn gbalaja. Apá kan iná náà fẹ́ máa gun òkè, ṣùgbọ́n iná kì í rí ọ̀nà gbà dáadáa lókè àti nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó dà bí omi tí wọ́n sé lápá méjì. Ó kóra jọ, ìkórajọ náà sì ti ìṣàn tó ń lọ sí ìlà oòrùn, ó sọ ọ́ di alágbára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ní àwọn ọdún 1950, ní University College Ìbàdàn, Skinner àti Wright ń ṣèwádìí afẹ́fẹ́ òkè yìí, wọ́n sì ń wọn òòfà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù Keje 1957 di ìparí 1958, gbogbo ayé fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti wọn ayé fúnra rẹ̀, Ìbàdàn ò sì gbẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Agodi Onwumechili, ọmọ Ìgbò, ti dìde. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Ó rí i pé ibùdó kan ṣoṣo kò lè sọ bí odò ṣe fẹ̀ tó. Àfi kí èèyàn wọn àárín rẹ̀, kó sì wọn etí rẹ̀. Ní 1959 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí electrojet jáde, iṣẹ́ náà ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1997. Láàárín kan, òun náà ni ọ̀gá àgbà pátápátá ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n.

Ohun tó fi kún ìmọ̀ ayé ni pé odò náà kì í kàn parẹ́ létí. Nínú ìṣirò rẹ̀, bí a bá ti jìnnà sí ìlà náà tó nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta, ìṣàn náà á yíjú padà, á máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, níyà agbára díẹ̀. Ẹ wo máàpù: Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n jìnnà sí ìlà òòfà tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Etí odò gan-an la wà.

Kí ni èyí ṣe fún ẹni tó ń wá tánganran, kaolin tàbí òkúta iyebíye ní Ìjerò? Òòfà kì í fi tourmaline hàn fúnra rẹ̀; ìyàtọ̀ àárín àpáta àti àpáta, àti ibi tí ilẹ̀ ti sán, ló ń fi hàn. Agbára òòfà ayé lọ́dọ̀ wa tó nǹkan bí 33,000 nanotesla. Lábẹ́ àárín odò náà, ọ̀sán kan lè fi 50 tàbí 100 kún un. Lọ́dọ̀ wa ó kéré jùyẹn, àmọ́ ó ṣì lè tó ìyàtọ̀ tí à ń wá nínú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ kúrò lè gbẹ́ kòtò síbi tí oòrùn ọ̀sán tàn án dé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi gbọ́dọ̀ dúró sójú kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí èkejì á máa rìn. Ẹ̀rọ tó dúró ń sọ ohun tí òkè ṣe. A ó yọ ọ́ kúrò lára ohun tí èkejì sọ, ohun tó bá kù ni ti ilẹ̀. Yunifásítì Kyushu ti Japan ti bá wa gbé àwọn ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ìlọrin, Àbújá àti Èkó. Ó dára, ṣùgbọ́n Èkìtì kì í ṣe Ìlọrin. Bí ẹnikẹ́ni bá mú àbájáde òòfà ilẹ̀ yín wá bá yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí ẹ bi í pé: "Níbo lẹ gbé ẹ̀rọ tó dúró sí?" Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má tíì sanwó.