Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo àti Bí A Ṣe Pa Á Mọ́

Láyé àtijọ́, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ Àwórì wa, ìbáà ṣe lókè lọ́hùn-ún, agbára káká ni a fi lè rí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sí. Igbó Orò wà, igbó Eégún wà. Kì í ṣe pé ilẹ̀ pọ̀ jù ni àwọn bàbá wa ṣe fi wọ́n sílẹ̀; èèwọ̀ ni. Lónìí, ẹ̀yin ará ilé mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi yóò sì rí i bí ẹ bá dé: láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún, ilé fara kan ilé ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn igbó kan tí kò run.

Àwọn àgbà Òṣogbo sọ pé Láróòyè àti ọdẹ tí ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, nígbà tí omi wọ́n wọn ní Ìpólé. Wọ́n gé igi kan, ó wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn Ọ̀ṣun tí ń ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá a mulẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ gé igi, a kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, a kò sì gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni ẹja odò náà. Wọ́n ní ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja ni ìtumọ̀ oyè Àtáọ́ja.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò lè dá ara rẹ̀ ṣọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, agbára àwọn àwòrò ti rẹlẹ̀, ojúbọ ń wó, àwọn ọdẹ àti apẹja ń yọ́ wọlé, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti fojú sí i. (Àwọn ẹni ìkẹyìn yìí kò ṣàjèjì sí ará Ìdímù.) Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí ó di olórìṣà, tí a sì ń pè ní Àdùnní, ni ó dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Òun nìkan kọ́. Àtáọ́ja ìgbà náà, Ọba Samuel Adélẹ́yẹ Adénlé Kìíní, tì í lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, àti àwọn mìíràn. Wọ́n tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ère ńláńlá, wọ́n sì mọ odi. Ilẹ̀ tí ó bá dà bí èyí tí kò ní olówó ni olè ń mú. Ẹni tí ó bá rí ère wọ̀nyí yóò mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní onílé.

Ní 1965 ni ìjọba tó kéde igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n mú òfin náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé. Kí Ẹgbẹ́ wa ṣàkíyèsí bí ó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìlú bá tún délẹ̀: èèwọ̀ kọ́kọ́ wà, àwọn olùṣọ́ tẹ̀ lé e, ìwé ni ó kẹ́yìn. Ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi níbẹ̀, láàárín ìgboro.

Síbẹ̀ odi kò lè dá omi dúró. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn wá, àwọn tí ń wa wúrà lókè odò sì ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Omi kan náà ni ó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ọ̀sà tiwa níhìn-ín.