Kòkó àti oòrùn

Kòkó jẹ́ igi abẹ́ ibòòji láti ìpilẹ̀ rẹ̀ nínú igbó Amazon, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fara da oòrùn kì í dúró sójú kan. Ọmọ kòkó kò ní ju ewé díẹ̀ àti gbòǹgbò kúkúrú lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tó lè fi ṣe oúnjẹ, àṣẹ́kù rẹ̀ á ba ewé jẹ́: ewé á pọ́n, etí rẹ̀ á jó. Ní Òkè-Ọ̀pin àti Ìlọfà, níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì le, imọ̀ ọ̀pẹ ló yẹ kó bo ọmọ kòkó, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti wà lóko kí wọ́n tó lọ́ ọ.

Àwọn kan ní kòkó inú oòrùn gbangba ló ń so jù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìdánwò Tafo, ní Gánà, tí wọ́n ti gé igi ibòòji ní nǹkan bí 1957, fi hàn pé èso pọ̀ sí i, pàápàá pẹ̀lú ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó tí wọ́n ti gbìn ní 1947 ni, ewé òkè rẹ̀ ti ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí yẹn kò kan ọmọ kòkó rárá. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí kòkó bá ṣe ń dàgbà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín ibòòji kù.