Fífi Ọkọ̀ Ẹni Kọjá Ibodè: Láti Lẹ́kí àti Ajah dé Àkrà

Fífi ọkọ̀ ẹni kọjá ibodè ni irú ìrìn-àjò afẹ́ tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí alùpùpù fi ń wa ohun ìrìnnà ara rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn, tí yóò lò ó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì wà á padà wá sílé láìtà á, láìfi í tọrẹ, láìsan owó ẹrù-ilẹ̀-òkèèrè lé e lórí. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà tí ó lókìkí jù fún irú àjò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó gba etí òkun láti Èkó lọ sí Kútọnu, Lómè àti Àkrà. Àyọkà yìí sì gbé e yẹ̀wò láti ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti Lẹ́kí títí dé Ajah, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Òfin tí ó de àjò náà pín ènìyàn àti ọkọ̀ níyà: ènìyàn ń wọlé nítorí pé ó ní ẹ̀tọ́, ọkọ̀ ń wọlé nítorí pé olówó rẹ̀ ṣèlérí pé yóò padà. Orí ìlérí yìí ni gbogbo ìwé, gbogbo òǹtẹ̀ àti gbogbo ìbéèrè ẹnu ibodè dúró lé.

Bí ibodè ṣe dé àárín ọmọ ìyá

Kí aláwọ̀ funfun tó fi gègé pín ilẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìfọ̀nyìn, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì àti ti Àjàṣẹ́, ń tọ̀ lọ sí ọjà ara wọn, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń sin òkú ara wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tọwọ́ bọ àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ náà, tí Aláàkétu fi di ará ọ̀hún, tí Àgbádárìgì sì di ará ìhín. Láti ìgbà náà ni aṣọ́bodè ti ń dúró láàárín àwọn tí ó ti jọ ń mumi nínú odò kan.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, ìyàtọ̀ mìíràn tún yọjú, nítorí pé ọwọ́ òsì ni Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ àwọn tirẹ̀ láti máa gbà lójú títì, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ti Faransé. Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ láti Èkó wọ Dàhòmì, orúkọ tí à ń pe Bẹ̀nẹ̀ títí di ọdún 1975, ní láti pààrọ̀ ọwọ́ ní ibodè. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, Gánà sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Láti ìgbà náà ni awakọ̀ ti lè ti Ajah dé Àkrà láìyí ọwọ́ padà.

Òfin tí ó ṣí ọ̀nà

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìlọ-síwá-sẹ́yìn àwọn ènìyàn, èyí tí ó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Àdéhùn náà kò gbàgbé ọkọ̀: ó fún ọkọ̀ aládàáni ní 90 ọjọ́ kan náà, ó sì fún ọkọ̀ tí ń ṣòwò ní ọjọ́ 15 péré. Ní ọdún 1982, ní Kútọnu, wọ́n tún fi ìlànà inṣọ́ránsì tí à ń pè ní Brown Card kún un, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lómè, kí ọkọ̀ tí ó bá ṣèṣe ní ilẹ̀ onílẹ̀ má baà di ẹ̀sùn láàárín ìlú méjì. Mali, Burkina Faso àti Niger fi àjọ náà sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ọ̀nà etí òkun kò kan ilẹ̀ wọn.

Láti Ajah dé Sẹ̀mẹ̀

Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, aròmi-sá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, fi Ajah sí ìlà-oòrùn, ó fi Sẹ̀mẹ̀, ibodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà kò sí bí ará Ajah ṣe lè dé ibodè yìí láìla àárín ìlú kọjá. Yóò gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, yóò fi Ìkọ̀tà, Ìgbó-Ẹfọ́n àti Jakande sẹ́yìn, yóò wọ Victoria Island, yóò gun afárá bọ́ sí ilẹ̀ ńlá, kí ó tó já sí Orílé àti Mile 2, níbi tí títì Àgbádárìgì yóò ti mú un gba Festac, Òjó, Òkòkòmaikò àti ìkòríta Agbára kọjá, títí yóò fi dé Àgbádárìgì, kí Sẹ̀mẹ̀ tó yọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà náà a máa gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ajah àti ti Mile 2 lè jẹ ìdajì ọjọ́ kí ènìyàn tó fojú kan aṣọ́bodè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí kò bá fẹ́ Sẹ̀mẹ̀ lè gba Ìdí-Ìrókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí yóò sì já sí Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Sẹ̀mẹ̀ ni òpó ọ̀nà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ṣí ilé ibodè àjùmọ̀lò Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké, kí òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ ní ojú kan. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni àjọ ECOWAS fẹ́ sọ di títì ńlá Èkó sí Abidjan, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 1,028 kìlómítà, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè márùn-ún sì fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 2014.

Àwọn ìwé àti ìbéèrè

Ti ènìyàn kò pọ̀: pásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS, àti ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí ó fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ti ọkọ̀ ni ó pọ̀. Àkókò láísẹ́ǹsì awakọ̀ kò gbọdọ̀ tíì tán. Ìwé ọkọ̀ ní láti bá nọ́ńbà àti ẹ́ńjìnnì mu. Brown Card ní láti wà nílẹ̀, nítorí pé inṣọ́ránsì tí a ń lò nílé kò ní agbára lẹ́yìn ibodè. Bí orúkọ tí ó wà lórí ìwé kì í bá ṣe ti ẹni tí ń wakọ̀, lẹ́tà àṣẹ láti ọwọ́ olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Lẹ́kí ṣe rí. Àmì WAN ni àmì tí ayé fi ń mọ ọkọ̀ Nàìjíríà ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ní Kraké, aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ yóò kọ ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní laissez-passer, tí a ń sanwó fún, tí iye ọjọ́ tí ọkọ̀ lè lò sì wà lórí rẹ̀. A óò tún gba irú rẹ̀ ní Hilla-Condji kí a tó wọ Tógò, àti ní Aflao kí a tó wọ Gánà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: bí aṣọ́bodè bá ń bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ yóò padà, ohun tí ó ń wá ní ti gidi ni bóyá ẹni náà kì í ṣe oníṣòwò tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà láìsan owó ìjọba.

Lẹ́yìn ibodè

Láti Èkó dé Kútọnu kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n owó yí padà di sẹ́fà, èdè títì yí padà di Faransé, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan sì kún ojú ọ̀nà bí eéṣú. Bí a bá dé ìlú tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan rìn, ẹsẹ̀ kan ni à ń fi rìn. Kí awakọ̀ Èkó fi fèrè àti ìkánjú sílẹ̀ ní Mile 2. Lára ohun tí ó tó wò ni Àjàṣẹ́ tí Yorùbá, Ẹ̀gùn àti àwọn tí ó ti Brazil bọ̀ jọ tẹ̀dó, Ganvié tí a kọ́ sórí omi adágún Nokoué, àti Ouidah, níbi tí Ilẹ̀kùn Àìpadà dúró sí létí òkun fún ìrántí àwọn tí a kó lẹ́rú. Ẹni tí ó bá lọ jìnnà yóò rí odi Elmina ní Gánà, tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482.

Ìpadàbọ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀. Ìpadàbọ̀ gan-an ni ó ń yọ awakọ̀ Nàìjíríà lẹ́nu jù, nítorí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ títà wọlé láti orí ilẹ̀, tí àwọn aṣọ́bodè sì ń dá ọkọ̀ dúró láti Sẹ̀mẹ̀ títí kọjá Àgbádárìgì kí onífàyàwọ́ má baà rí ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní ìwé owó ibodè ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì ní òǹtẹ̀ tí ó fi hàn pé ó gba ibẹ̀ jáde, ó ṣòro fún un láti fi hàn pé ọkọ̀ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kì í ṣe tuntun láti Kútọnu. Nítorí èyí ni ọ̀nà ẹ̀bùrú fi léwu: a ń tọ̀ ọ́ láìgba òǹtẹ̀ kankan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà a máa tì pátápátá. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà fi ti Sẹ̀mẹ̀ pa, Gánà kò sì ṣí ibodè orí ilẹ̀ tirẹ̀, tí àrùn kòrónà mú kí ó tì, títí di oṣù Kẹta ọdún 2022.

Àwọn ọlọ́kọ̀ tí ó lókìkí

Ọlábísí Àjàlá, tí ó fi alùpùpù Vespa la ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé kọjá, tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963, ni baba àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láàárín Yorùbá, tí olórin Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ní 2022 ni Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó láti pe àkíyèsí sí ogun tí a ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà, ní 2024 sì ni Pẹ̀lúmi Nubi dá wa ọkọ̀ Peugeot kékeré gba ọ̀nà yìí kan náà.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn kó ìwé rẹ̀ pé, kí ó gba òǹtẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ó sì ṣèwádìí ìlànà àti owó ọjọ́ náà kí ó tó gbéra ní Ajah, nítorí pé ìlànà ibodè a máa yí padà láìkéde.